Mùnáfíkì Inú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Lè Dá Trojan Mọ̀, Kí A Ṣọ́ra Fún Un, Kí A sì Lé E Jáde

Bismillaahir Rahmaanir Raheem.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, Ẹni tí gbogbo ìmọ̀ ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá ń tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu. Wọ́n lè béèrè pé kí ni ó pa ìwé ẹgbẹ́ wa pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká yín. Kọ̀ǹpútà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Òun ni a fi ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Òun ni akápò ẹgbẹ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù. Inú rẹ̀ ni àwòrán yìgì àti ti ìsọmọlórúkọ wà, àwòrán tí ọ̀pọ̀ arábìnrin wa kò fẹ́ kí ojú àjèjì rí. Ohun tí ó bá ti di àpótí àmáànà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ eré. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa olè kan tí kì í fọ́ ilẹ̀kùn, tí ó jẹ́ pé àwa fúnra wa ni a máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Orúkọ rẹ̀ ni Trojan.

KÍ NI TROJAN?

Inú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Gíríìkì dó ti ìlú kan tí ń jẹ́ Troy fún ọdún 10, wọn kò rí i gbà. Nígbà tí agbára kò ṣiṣẹ́, wọ́n lo ẹ̀tàn. Wọ́n fi igi kan ẹṣin ńlá kan, wọ́n fi ọmọ ogun pamọ́ sínú rẹ̀, wọ́n gbé e sílẹ̀ ní ẹ̀yìn odi, àwọn yòókù sì wọ ọkọ̀ ojú omi bí ẹni tí ó ń padà sílé. Àwọn ará Troy fi ọwọ́ ara wọn wọ́ ẹṣin náà wọ ìlú, wọ́n sì ń yọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn tí ó wà nínú ẹṣin jáde, wọ́n ṣí ẹnu odi fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó ti yí padà. Bí ìlú náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá nìyẹn.

Trojan inú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí èyí. Ó jẹ́ sọ́fítíwíà tí ó gbé aṣọ ohun tí a ń fẹ́ wọ̀. Ó lè wá bíi géèmù, bíi ìwé ìgbanisíṣẹ́, bíi rìsíìtì báǹkì, bíi sọ́fítíwíà tí ń tún fọ́tò ṣe. Nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí, èyí tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo ohun búburú inú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya mẹ́ta sọ́tọ̀. Fáírọ́ọ̀sì a máa lẹ̀ mọ́ ara fáìlì mìíràn, yóò sì máa bímọ láti fáìlì kan sí òmíràn. Worm, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ aràn, a máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀ láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíràn. Trojan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń dúró de ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ̀ ẹ́, bí òkú igi ni ó rí. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀nà àbò wa wà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

ÀMÌ MẸ́TA TÍ A FI Ń DÁ A MỌ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti kọ́ hàdíìsì tí Abu Huraira gbà wá, tí ó wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, lórí àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ mùnáfíkì: irọ́ pípa, yíyẹ àdéhùn, àti jíjàǹbá ohun tí a bá fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo Trojan.

Àkọ́kọ́, ó ń parọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìmeèlì kan jáde láti orílẹ̀-èdè Philippines, àkọlé rẹ̀ ni ILOVEYOU. Fáìlì tí wọ́n so mọ́ ọn ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. TXT ni ìparí orúkọ ìwé lásán, ṣùgbọ́n vbs ni ti àṣẹ tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe. Nítorí pé Windows a máa fi ìparí orúkọ fáìlì pamọ́, TXT nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí. Wọ́n rò pé lẹ́tà ìfẹ́ ni, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó wọlé tán, ó ń rìn bíi worm láti ìmeèlì ẹnì kan dé ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n irọ́ Trojan ni ó fi wọlé.

Èkejì, ó ń yẹ àdéhùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1989, wọ́n fi dísíìkì tí ó tó nǹkan bí 20,000 ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àdéhùn rẹ̀ ni pé yóò la àwọn ènìyàn lóye nípa àrùn AIDS. Lóòótọ́, ó kọ́kọ́ ṣe ohun tí ó wí, ó ń bi ènìyàn ní ìbéèrè nípa àrùn náà. Ṣùgbọ́n ó ń ka iye ìgbà tí a tan kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó bá tó ìgbà 90, yóò sọ orúkọ gbogbo fáìlì di ohun tí a kò lè kà, yóò sì ní kí olóhun fi dọ́là 189 ránṣẹ́ sí àpótí ìfìwéránṣẹ́ kan ní Panama. Joseph Popp, onímọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè láti Amẹ́ríkà, ni wọ́n mú lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kíyè sí ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀: pé sọ́fítíwíà ń ṣe iṣẹ́ tí ó ní òun yóò ṣe kò tí ì sọ pé olóòótọ́ ni.

Ẹ̀kẹta, ó ń jàǹbá àmáànà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Zeus, tí àwọn ènìyàn mọ̀ ní ọdún 2007, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa jí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ènìyàn fi ń wọ àkáǹtì báǹkì rẹ̀. Emotet bẹ̀rẹ̀ ní 2014, òun náà ń jí ohun báǹkì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá ó di aṣílẹ̀kùn fún àwọn olè mìíràn. Ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè púpọ̀ pa ọwọ́ pọ̀ dá a dúró ní oṣù kìíní ọdún 2021, síbẹ̀ ó tún jí padà ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Àwọn mìíràn wà tí ń wo gbogbo ohun tí a bá tẹ̀, tàbí tí ń tan kámẹ́rà kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé olóhun mọ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWA FÚNRA WA

Kì í ṣe àgbọ́sọ ni a ń sọ yìí. Ní ilé-kéwú tí a ti ń kọ́ni, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wà ní ọ́fíìsì. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì ìmeèlì àwọn òbí wọn náà sì wà níbẹ̀. A ń wá sọ́fítíwíà tí a ó fi máa tẹ ìbéèrè ìdánwò ní èdè Lárúbáwá. Owó tí wọ́n ń tà á pọ̀ lójú wa. Ẹnì kan bá wa rí i lọ́fẹ̀ẹ́ nínú fláàṣì, òun pẹ̀lú kíráàkì tí a fi ń fọ́ àgádágodo rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó ní kí a kọ́kọ́ pa antivirus kí a tó tẹ kíráàkì náà. Antivirus ké, ó fi àmì pupa hàn wá. Àwa ni a pa á lẹ́nu mọ́.

Sọ́fítíwíà náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Alif dúró ṣánṣán, hamza jókòó sí àyè rẹ̀, inú wa sì dùn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà kí bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó pè wá lórí fóònù pé, "Alfa, ṣé owó yẹn ti tẹ̀ yín lọ́wọ́?" A ní, "Owó wo ni, Bàbá?" Wọ́n ní ₦30,000 tí a fi ìmeèlì béèrè fún ìwé ìdánwò ọmọ wọn, tí a ní kí wọ́n san sínú àkáǹtì tuntun. Ìmeèlì wa ni ó ti jáde lóòótọ́. Ó dárúkọ ọmọ náà, ó sì dárúkọ kíláàsì rẹ̀. Òbí mẹ́ta mìíràn náà rí irú rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n àwọn kò tí ì sanwó.

A san owó Bàbá padà díẹ̀díẹ̀ láti inú àpò ara wa. Bàbá kò bínú. Wọ́n kàn ní, "Alfa, nítorí pé ẹ̀yin ni, ìdí tí mo ṣe yára nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó dùn wá ju owó lọ, nítorí ọkàn tí Bàbá fi tán wa ni olè náà fi ṣe kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí arákùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ohun ìtìjú kan hàn wá. Lárúbáwá tí a tìtorí rẹ̀ gbé ohun olóhun ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀. A kàn máa yàn án níbi tí a ti ń ṣètò èdè ni. LibreOffice, tí a fi ń tẹ̀wé, jẹ́ ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é, òun náà sì ń kọ Lárúbáwá láti ọ̀tún sí òsì.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé kíráàkì kì í ṣe olè jíjà, nítorí pé a kò mú ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé Ìgbìmọ̀ Fíkìhì Àgbáyé, ní ìpàdé rẹ̀ karùn-ún tí ó wáyé ní Kuwait ní 1988, ti pinnu pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti olùdásílẹ̀ iṣẹ́ wà lábẹ́ ààbò Sharia, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ọgbà ẹlòmíràn, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó yà á lẹ́nu bí ó bá bá ejò pàdé níbẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ ṢỌ́RA

Nínú Suuratul Hujuraat, àáyà 6, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa pé bí òbìlẹ̀jẹ́ bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ kí a má baà ṣe ohun tí a ó kábàámọ̀. Nínú Suuratun Nuur, àáyà 27, Ó kọ́ wa pé a kì í wọ ilé onílé láìgbàṣẹ. Ìwádìí àti àṣẹ: orí méjèèjì yìí ni ààbò kọ̀ǹpútà dúró lé.

1. Ẹ jẹ́ kí a máa gba sọ́fítíwíà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. A kì í gbà á nínú fláàṣì ọ̀rẹ́, a kì í sì í gbà á ní ibi tí wọ́n ti ń pín ohun tí wọ́n ń tà ní ọ̀fẹ́. Èyíkéyìí tí ó bá ní kí a kọ́kọ́ pa antivirus, kí a yáa jù ú nù.

2. Ẹ jẹ́ kí ìparí orúkọ fáìlì máa hàn. Nínú Windows 11, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, lẹ́yìn náà Show, kí ẹ wá yan File name extensions. Bí ẹnì kan bá fi "rìsíìtì" ránṣẹ́ tí ìparí rẹ̀ jẹ́ .exe, .scr, .vbs tàbí .js, kì í ṣe rìsíìtì.

3. Bí ìmeèlì bá dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a mọ̀, tí ó ní kí a ṣí fáìlì tàbí kí a sanwó kíákíá, ẹ jẹ́ kí a pe ẹni náà lórí fóònù kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ká ní Bàbá pè wá kí wọ́n tó sanwó ni, ẹ̀tàn náà ìbá ti bàjẹ́. Bí ìwé Word tàbí Excel bá sì ní kí a tẹ Enable Content kí a tó lè kà á, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́.

4. Bí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń pariwo pé kọ̀ǹpútà yín ti ní fáírọ́ọ̀sì, kí ẹ tẹ ibí yìí kí ó lè mọ́, irọ́ ni. Ẹ pa ojú ewé náà dé. Antivirus tiyín nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ ya àkáǹtì tí a fi ń ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti alábòójútó kọ̀ǹpútà, pàápàá bí àwọn àbúrò bá ń lò ó. Nígbà tí Windows bá béèrè bóyá kí sọ́fítíwíà kan ṣe àyípadà sí kọ̀ǹpútà, ìgbàṣẹ ni ó ń ṣe yẹn. Ẹ kà á dáadáa. Bí kì í bá ṣe ohun tí ẹ̀yin fúnra yín bẹ̀rẹ̀, "No" ni ìdáhùn.

6. Ẹ máa gba àtúnṣe tí Microsoft bá fi ránṣẹ́. Ìrànlọ́wọ́ wọn fún Windows 7 ti dópin ní 14 oṣù kìíní ọdún 2020, ti Windows 10 sì dópin ní 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ó lè gbé Windows 11.

7. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tí ó ṣe pàtàkì sínú dísíìkì mìíràn, kí ẹ sì yọ dísíìkì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán. Ẹ̀dà tí ó bá wà lára kọ̀ǹpútà nígbà tí olè dé, ọwọ́ olè lè tó òun náà.

BÍ Ó BÁ TI WỌLÉ ŃKỌ́?

Àwọn àmì kan wà: kọ̀ǹpútà a máa falẹ̀ láìnídìí, antivirus a pa ara rẹ̀, dátà a máa tán kíákíá, àwọn ọ̀rẹ́ a máa rí ìmeèlì tí a kò kọ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé èyí tí ó gbówọ́ nínú wọn kì í fi àmì kankan hàn. Bí ìfura bá wà, ẹ tẹ̀lé ìlànà yìí.

Ìkíní: ẹ yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí olè kò bá rí ọ̀nà, kò ní lè kó ẹrù jáde. Ẹ má sì ṣe fi kọ̀ǹpútà náà dé ọ̀dọ̀ báǹkì mọ́.

Ìkejì: ẹ wá kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn tí ó mọ́, kí ẹ fi í pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Ìmeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí òun ni a fi ń ṣí àwọn yòókù, lẹ́yìn náà ti báǹkì. Ẹ ṣètò kí ìmeèlì máa béèrè nọ́ńbà kejì kí ó tó gbani wọlé. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà lórí kọ̀ǹpútà tí olè ṣì wà nínú rẹ̀, ńṣe ni ó fi kọ́kọ́rọ́ tuntun lé olè lọ́wọ́.

Ìkẹta: ẹ sọ fún báǹkì, kí ẹ sì kéde fún àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ yín. Ìtìjú máa ń dí èyí lọ́wọ́. Ká ní àwa tètè kéde fún gbogbo òbí ni, ọkàn wa kì bá tí máa gbọ̀n lórí àwọn mẹ́ta yòókù. Bíbo àṣírí ara ẹni dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí yóò kó ẹlòmíràn sí ìyọnu.

Ìkẹrin: ẹ ṣí Windows Security, kí ẹ jẹ́ kí ó yẹ gbogbo kọ̀ǹpútà wò. Ẹ lè dá íntánẹ́ẹ̀tì padà fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè gba ìmọ̀ tuntun nípa àwọn Trojan. Lẹ́yìn náà, ẹ lo èyí tí wọ́n pè ní Microsoft Defender Offline. Yóò tún kọ̀ǹpútà tàn, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó jí, nígbà tí Trojan kò tí ì ráyè sápamọ́. Ẹ tún lè fi Malwarebytes ṣe ẹlẹ́rìí kejì, bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe é ni ẹ ti gbà á.

Ìkarùn-ún: bí ó bá padà wá, tàbí bí ó bá jẹ́ èyí tí ń jí ohun báǹkì tàbí tí ń ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn, ẹ má ṣe bá a fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ kó ìwé àti àwòrán yín jáde, kì í ṣe sọ́fítíwíà, kí ẹ nu kọ̀ǹpútà náà nù pátápátá, kí ẹ sì to Windows tuntun sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí antivirus yẹ àwọn ìwé náà wò kí wọ́n tó padà wọlé. Ohun tí àwa ṣe sí ti ilé-kéwú wa nìyẹn.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN TÍ Ó MỌ KỌ̀ǸPÚTÀ LÒ

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí ọgbọ́n yìí wà lọ́wọ́ wọn, tí ọ̀rẹ́ búburú sì ń pè pé kí wọ́n wá fi í jẹun. Òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà láti 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Ṣùgbọ́n kí ó tó kan òfin ìjọba, àáyà 12 Suuratul Hujuraat kan náà ti kọ ìtọpinpin fún wa. Ẹni tí ó tan kámẹ́rà kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ti yọjú wo yàrá onílé. Ẹ fi ìmọ̀ yín ran àwọn ìyá àti bàbá wa lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá jókòó ti akápò ẹgbẹ́ fún wákàtí kan, tí ó bá a ṣe ohun méje tí a kà sókè yìí, sàdákà ni ó ṣe.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ Ọ̀SẸ̀

1. Kí ni ó fi Trojan yàtọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì àti worm?
2. Nínú ìtàn ilé-kéwú yìí, ẹẹ̀melòó ni a rí àǹfààní láti dúró kí a sì wádìí?
3. Èéṣe tí kò fi yẹ kí a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà lórí kọ̀ǹpútà tí Trojan wà nínú rẹ̀?
4. Ta ni àkọsílẹ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, níbo sì ni ẹ̀dà rẹ̀ wà?

A bẹ Ọlọ́hun Ọba kí Ó fi wá ṣe ẹni tí yóò dáàbò bo àmáànà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí Ó ṣọ́ wa lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn tí a rí àti èyí tí a kò rí, kí Ó má sì fi àwa náà ṣe ẹlẹ́tàn. Àmín.